Ó Gbé Asà Sáré, Ó Fi Àfẹ́sọ́nà Sílẹ̀ fún Ọ̀tá

Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Àga onídìrí ni mo jókòó sí ní Rye Lane, ní Peckham, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlà kẹta lórí mi, nígbà tí màmá kan tó gbé orí sábẹ́ ẹ̀rọ tí ń gbẹ irun la ohùn: "Ẹ ti gbọ́ pé mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ yẹn ti forí ṣánpọ́n?" Gbogbo ọwọ́ tó ń dirun dúró.

"Ti ta ni?"

"Ti ọmọ díkónẹ́ẹ̀sì."

"Háà! Èyí tí a ti ra léèsì rẹ̀?"

"Òun náà ni."

"Ó fún ẹlòmíì lóyún ni?"

Òṣé tí màmá pa gùn ju ìlà àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì 78 lọ. "Ì bá tilẹ̀ jẹ́ oyún, a ó mọ ibi tí a ó ti mú un. Géèmù ni."

Ẹ má rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí géèmù máa kó ìtìjú bá ilé yẹn. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, lóru ọ̀gànjọ́, díkónẹ́ẹ̀sì ń lọ mu omi ló gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń pariwo nínú yàrá: "Òrìṣà ti kú! Ẹ sáré wá jí Òrìṣà!" Nínú ilé díkónẹ́ẹ̀sì o! Ní Southwark níbí, níbi tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Roehampton ti ka ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú tó tó 240 ní ọdún 2013! Kí ilẹ̀ tó mọ́, òróró ti dé, àwọn ìyá aládùúrà mẹ́rin ti yí bẹ́ẹ̀dì ká. Ọmọ ń fi Bíbélì búra pé rọ́bọ́ọ̀tì ni Òrìṣà.

Rọ́bọ́ọ̀tì sì ni lóòótọ́. Mo wádìí rẹ̀ kí n má baà parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Overwatch ni wọ́n ń pe géèmù náà, Blizzard ti Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016. Ní oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n mú rọ́bọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan wọ inú rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Orisa. Ọmọdébìnrin ọlọ́dún mọ́kànlá kan ló ṣe é, Efi Oladele, ní ìlú kan tí wọ́n fi ọkàn ara wọn tẹ̀ dó, Numbani. Efi! Ilé Ọládélé wo ni wọ́n ti ń sọ ọmọ ní Efi? Ẹni tó wá ba pápákọ̀ òfuurufú ìlú náà jẹ́ ńkọ́? Akande Ogundimu. Gbogbo orúkọ tó wà láyé, ti ọmọ wa ni wọ́n rí fi sọ ọ̀daràn. Wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá ti pé ọdún 12 lè gbá a.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ táǹkì ló gbé wa débí.

Táǹkì ni ọmọ díkónẹ́ẹ̀sì nínú géèmù. Èmi kọ́kọ́ rò pé táǹkì omi ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló là mí lọ́yẹ, ó ń jẹ ẹran mi lọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Àwọn márùn-ún ló wà ní ìhà kan: ẹnì kan á gbé asà síwájú, àwọn méjì á máa yìnbọn, àwọn méjì á máa wo ọgbẹ́. Tẹ́lẹ̀, àwọn mẹ́fà ni, táǹkì méjì. Bí ọ̀kan bá ń ṣe wèrè, èkejì á dúró. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni wọ́n sọ táǹkì di ẹyọ kan ṣoṣo. Bí ẹyọ kan yẹn bá lọ, ìhòòhò làwọn tó kù wà.

Ará Jámánì kan tí wọ́n ń pè ní Reinhardt ni ọmọ yìí fẹ́ràn láti fi jagun. Irin ló wọ̀ látòkè délẹ̀, òòlù ló mú lọ́wọ́, asà rẹ̀ fẹ̀ ju ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ. Nígbà tí géèmù náà kọ́kọ́ jáde, asà yẹn lè gba ìyà tó tó 2000 kó tó fọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti na asà síwájú, kò lè fi òòlù lu ẹnikẹ́ni. Àwọn tó wà lẹ́yìn ló ń jà, tirẹ̀ ni kó máa bò wọ́n. Bí asà bá ti ń ya, ẹni tó gbọ́n á fà sẹ́yìn ògiri, á sọ ọ́ kalẹ̀ kó sinmi, torí bó bá sinmi díẹ̀ á tún le padà. Aláìgbọ́n ló ń nà án títí á fi fọ́ sí i lọ́wọ́ ní gbangba. Ọta ibọn nìkan sì ni asà ń dá dúró, kì í dá ẹsẹ̀ dúró. Ọ̀tá lè rìn gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni gba inú kọ́tìnnì, kó bá yín nínú ilé. Ìdí nìyẹn tí alásà fi gbọ́dọ̀ máa bojú wẹ̀yìn, kó sì máa rìn bí ẹni tó lọ́ra jù láàárín wọn ṣe ń rìn.

Ìdẹwò wà ńbẹ̀ o. Bọ́tìnnì kan wà tí Reinhardt bá tẹ̀, á sọ asà kalẹ̀, á fi orí lélẹ̀ bíi màlúù, á sáré kan ọ̀tá kan mọ́ ògiri. Ó dùn lójú. Ọmọ díkónẹ́ẹ̀sì kì í lè rí bọ́tìnnì yẹn kó má tẹ̀ ẹ́.

Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń gbá géèmù kan náà, ọkọ kò sì mọ̀. Ọmọbìnrin náà fi orúkọ mìíràn wọlé. Ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, Júdásì pátápátá, ló pè é wọ ẹgbẹ́ wọn. Mercy ló ń fi gbá a, oníwòsàn abìyẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, ọkọ sáré síwájú, ó fi í sílẹ̀, wọ́n pa á. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, bákan náà. Màmá ní alẹ́ mọ́kànlá ló fi ṣe é. Ìgbà tí ọkọ náà bá sì kú síwájú níbi tí ẹnikẹ́ni kò rán an, ìbínú á dé: "Oníwòsàn, ṣé o fọ́jú ni? O ò rí i pé mò ń kú?" Ó bú u. Ó bú ìyá rẹ̀, ìyẹn ìyá àna tó gbé àsáró fún un jẹ ní ọjọ́ Àìkú! Ọmọbìnrin kò fèsì. Ó ń ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ọjọ́ kejìlá ló fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí díkónẹ́ẹ̀sì lórí WhatsApp.

Ẹ ò rí i pé àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi? Ọkọ ń sá fi ìyàwó sílẹ̀, ìyàwó ń ṣọ́ ọkọ bí ọlọ́pàá inú. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa kì í fi orúkọ èké wọ ẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn yẹn, màmá fi í sétí mi lábẹ́ ẹ̀rọ, mi ò sì lè gba ti ọkọ rò. Kéèyàn pa ọmọ ọlọ́mọ tán, kó tún máa bú òkú!

Bàbá onígbàjámọ̀ òdìkejì yọjú láti gbèjà rẹ̀. Ọmọ Ìkòyí ni wọ́n, kì í ṣe Ìkòyí ti Èkó o, ti ilé lọ́hùn-ún. Wọ́n ní láyé Ọ̀yọ́ àtijọ́, àádọ́rin Ẹ̀ṣọ́, àwọn akọni jagunjagun, ni Aláàfin ní, ẹ̀tẹ́ ńlá sì ni fún ẹni tó bá gba ọfà lẹ́yìn nínú wọn. Ọmọ yìí, iwájú ló ń kú sí nígbà gbogbo. Kí la wá ń bá a jà sí?

"Bàbá," onídìrí mi dáhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè, "ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́ là ń sọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ là ń sọ."

Díkónẹ́ẹ̀sì ní eré ọmọdé lásán ni, pé ọmọ òun ló ń san owó ilé. Ìyá ọmọbìnrin ní kò burú, kó máa bá owó ilé sùn. Ó rán an létí pé láàárín ọdún yìí ni ọmọ náà dúró níwájú ìjọ, tó fi wákàtí kan ṣàlàyé asà ìgbàgbọ́.

Èyí tí mo gbọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mi ò mọ bí mo ṣe máa gbà á. Wọ́n ní ẹnì kan rí àwọn méjèèjì níwájú Peckham Library, lábẹ́ ibi tí ilé náà ti yọ sókè bí àtẹ́rígbà, wọ́n jọ ń jẹ ṣúyà. Wọ́n ní ọkùnrin náà ti gba ipò Mercy, ọ̀pá ìwòsàn ló ń gbé kiri báyìí. Ìyàwó ló gba asà. Òru Sátidé, obìnrin náà tẹ bọ́tìnnì yẹn, ó sáré síwájú, wọ́n sì pa ọkọ sẹ́yìn. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan.

Pọ́n-ùn 85 ni mo san fún léèsì náà, ẹni tó tà á kò gbà á padà. Mo pe télọ̀ láàárọ̀ yìí. Ó ní òun kò tíì gé e.