Ẹran Erin Lórí, Ìrè Lẹ́sẹ̀

Àwọn àgbà ló ní a kì í ru ẹran erin lórí ká tún máa fi ẹsẹ̀ wa ìrè nílẹ̀. Olójúkòkòrò ni wọ́n fi òwe náà bá wí, ẹni tí oúnjẹ ọdún kan wà lórí rẹ̀ tí kò lè mójú kúrò lára kòkòrò inú ihò. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á kò rí píkọ́ọ̀pù rí, ṣùgbọ́n bó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn lónìí, tó wo ìsàlẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, á rí i pé òwe òun ti ní táyà mẹ́rin. Píkọ́ọ̀pù olóògùn jẹ̀díjẹ̀dí ló ń bọ̀ yẹn. Odidi ilé ló gbé pọ̀n: igi, pákó, páànù, pẹpẹ tí wọ́n to gálọ́ọ̀nù àgbo sí, gbohùngbohùn mẹ́rin lórí òrùlé, jẹnẹrétọ̀ ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, àti ẹní tí ọmọ iṣẹ́ fi ń sùn lọ́sàn-án. Bí ọkọ̀ náà ṣe dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ báyìí, awakọ̀ yọ jíà sí fírìì, ó jẹ́ kó máa yí lọ fúnra rẹ̀. Ó ń ṣọ́ epo jẹ. Erin ṣì wà lórí; ìrè ló ń wá.

Ká má fi olúwarẹ̀ ṣẹ̀sín jù, nítorí ìyà ló kọ́ ọ ní ìrè wíwá. Kó tó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, lítà bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà nílé epo. Ọjọ́ náà ni Ààrẹ Tinubu kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kí oṣù Keje ọdún náà tó parí, lítà kan ti kọjá 600. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá 2024, ó ti ń fi orí sọ 1,000. Ẹni tó rántí oṣù Kìn-ín-ní 2012, tí gbogbo ìlú daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé epo ti 65 náírà fò sí 141, á máa ṣàfẹ́rí ọdún náà bí ẹni tó ń rántí ìgbà ọ̀pọ̀. Ìdí nìyí tí ọgbọ́n ìpa-epo-mọ́ fi pọ̀ nígboro ju iye ọkọ̀ lọ. Èyí ní kí a máa ra epo ní ìdájí, torí pé epo tútù ki ju epo gbígbóná lọ, bí ẹni pé àgbá epo tí wọ́n rì mọ́ inú ilẹ̀ mọ ìgbà tí oòrùn là. Èyí so irin òòfà mọ́ ọ̀pá epo. Èyí ń da oògùn inú ìgò sínú táǹkì, èyí tó rà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ní lítà kan á ṣiṣẹ́ méjì. Ó dùn mọ́ mi pé olóògùn jẹ̀díjẹ̀dí náà wà lára àwọn tó ń rà á: ẹni tó fi gbohùngbohùn mẹ́rin ta oògùn gbogboǹṣe ní Bẹẹrẹ ló tún lọ ra gbogboǹṣe tirẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì.

Àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, EPA, ti yẹ irú ẹ̀rọ àti oògùn adín-epo-kù bẹ́ẹ̀ wò ju 100 lọ. Díẹ̀ kín-ún ló mú àǹfààní kankan wá nínú wọn, àǹfààní ọ̀hún kò sì tó ohun tí à ń fi ẹnu ròyìn. Ọ̀rọ̀ fírìì ló wá burú jù. Láyé ọkọ̀ oníkábúrétọ̀, láyé Bedford tí wọ́n fi pákó kọ́lé sí lẹ́yìn tí a ń pè ní bọ̀lẹ̀kájà, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń bá wọn epo, tó fi mọ́ ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn ọkọ̀ tokunbọ̀ tó ń gorí òkè Mápó lónìí, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá ń sọ̀kalẹ̀ tí jíà ṣì wà nínú rẹ̀, tí o gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kọ̀ǹpútà á sé epo pátápátá. Ìyísẹ̀ táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Ìgbà tí o bá yọ ọ́ sí fírìì ni ẹ́ńjìnnì tún máa mu epo kó má baà kú. Awakọ̀ wa ń wa ìrè, ó sì tún ń bọ́ ọ. Láfikún, bíréèkì nìkan ló kù tó di ilé onípákó náà mú lókè àwọn aláta Ọjà'ba. Nínú gbogbo ìrè tí wọ́n ń wá, ọ̀kan ṣoṣo ló sanra: éésì. Nínú ooru tó mú gan-an, tí ìrìn kò sì jìn, ó lè dín ìrìn epo kù ní ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, nítorí náà ẹni tó pa á tó ṣí fèrèsé ní Bẹ́yẹrúnká ti ṣe ohun tó tọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àágùn ló fi san án.

Erin ńkọ́? Ọ̀nà méjì ni ẹrù ń gbà jẹ epo, ibi tí ọkọ̀ wà ló sì ń sọ èyí tó ń jẹ ẹ́. Èkíní ni ìwúwo. Ìṣirò tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń kọ́ àwọn awakọ̀ wọn ni pé kìlógíráàmù 45 tó bá lé lórí ọkọ̀ á dín ìrìn epo kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú 100, á sì ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ọkọ̀ bá kéré. Ìgboro Ìbàdàn àtijọ́ ni ìwúwo ti ń jọba. Láti Bẹẹrẹ sí Mápó, kò sí ibi tí ọkọ̀ ti rìn tí kò dúró: alárù ń kọjá, takisí Micra dúró gbérò láàárín títì, ọlọ́jà tẹ́ pẹpẹ dé ojú kòtò. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró, agbára tí epo ti fi tì í síwájú ti di ooru lára bíréèkì. Gbogbo ìgbà tó bá tún ṣí, a tún ra agbára náà lọ́tun, iye tí a ó sì rà bá ìwúwo dọ́gba. Ẹrù tó wúwo ìlọ́po méjì, ìlọ́po méjì ni owó ìṣísẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìdá 12 sí 30 péré nínú 100 agbára inú epo ló ń dé ibi tó ti ń mú ọkọ̀ rìn. Ìyókù di ooru àti èéfín. Ká ní ilé onípákó náà ń gba ìdá 5 nínú 100, tí awakọ̀ ń lo lítà 20 lójúmọ́, tí lítà kan jẹ́ 900 náírà: 900 náírà lójúmọ́ nìyẹn, 23,400 lóṣù ọlọ́jọ́ iṣẹ́ 26. Owó oògùn inú ìgò kò sí níbẹ̀ o, bẹ́ẹ̀ ni epo jẹnẹrétọ̀ kò sí níbẹ̀.

Ìkejì ni gíga. Afẹ́fẹ́ Ọjà'ba kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ní eré tí ọmọ kékeré lè fẹsẹ̀ lé bá, òrùlé gíga kò ṣe epo ní nǹkan. Àfi kí ọkọ̀ yọ sí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1978. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìjà afẹ́fẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó kúrò ní 30 kìlómítà ní wákàtí tó bọ́ sí 120, ìlọ́po 16 ni afẹ́fẹ́ fi ń dì í mú. Àpótí ẹrù ńlá tí wọ́n dè mọ́ orí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán lè jẹ ìdá 10 sí 25 nínú 100 ní eré 105 sí 120. Ilé tó ga ju orí ọkọ̀ lọ ní mítà kan, tí iwájú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ògiri, ẹ fúnra yín ṣírò rẹ̀.

Kí a má rò pé ìwà òmùgọ̀ yìí jẹ́ ti Ìbàdàn nìkan. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olówó máa ń gbé ilé sínú ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù: bẹ́ẹ̀dì, ilé ìdáná, ilé ìyàgbẹ́, táǹkì omi, gbogbo rẹ̀. Èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ tó 500 kìlógíráàmù, ńlá ibẹ̀ sì ń kọjá 1,500. Ó wọ́pọ̀ kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ má rìn ju kìlómítà 4 sí 5 lórí lítà kan. Àwọn tó ni ín náà á wá jókòó jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú lórí irú òróró ẹ́ńjìnnì tó dára jù àti fíltà tí ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí dáadáa. Ìrè Amẹ́ríkà sanra ju tiwa lọ díẹ̀ ni.

Àwọn kan á ní ẹrù ni owó, pé ẹni tó ní kí ọkọ̀ má ru nǹkan, ebi ni ó fẹ́ kó pa dírẹ́bà. Òótọ́ ni, mi ò sì bá wọn jà. Píkọ́ọ̀pù tó kó iṣu kún láti Bódìjà wá sí Ọjà'ba lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lo epo tó kéré ju kó pín in sí ìrìn méjì lọ. Ẹrù tó ní oníbàárà ń san owó ọkọ̀ ara rẹ̀. Ẹrù tí mò ń sọ ni èyí tí kò ní ibùsọ̀, tí a kò gbé lọ fún ẹnikẹ́ni, tí kò sì sọ̀kalẹ̀ láéláé. Ẹ wo ọkọ̀ ìpolongo ìbò: wọ́n jó irin mọ́ ọn di pèpéle, wọ́n gbé gbohùngbohùn lé e, wọ́n fi gun Mápó lọ bá èrò. Ìbò parí, irin kò parí. Ẹni tó wọlé ti gbàgbé ọ̀nà Mápó. Ọkọ̀ ṣì ń ru pèpéle rẹ̀ kiri, ó ń fi gbé símẹ́ǹtì. Òwe àgbà kò ronú kan irú èyí. Ẹran erin tiwọn, ẹran ni. Bí ó bá délé, ìlú á jẹ ẹ́. Egungun erin ni tiwa.

Ẹlòmíì á ní ìjọba ló gbówó lé epo, kí n lọ bá ìjọba. Mo gbà pé ìjọba jẹ̀bi ohun tó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kọ sójú ẹ̀rọ nílé epo kò sí lọ́wọ́ awakọ̀ kankan, ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbàdàn kan náà ló ti fi èyí hàn. Kí ló dé tí Micra fi gba gbogbo ìgboro, tí ẹ́ńjìnnì púpọ̀ nínú wọn kò ju lítà 1.0 tàbí 1.3 lọ? Kò sẹ́ni tó ṣe ìpàdé lé e lórí, kò sì sí oògùn inú ìgò nínú rẹ̀. Àwọn awakọ̀ takisí kàn rí i pé ọkọ̀ tó fúyẹ́ ń mú owó délé, wọ́n sọ erin kalẹ̀. Àwọn tó ṣì rù ú ni ọ̀gá tó ń dá wa Hilux lọ jẹun ní Bódìjà, àti olóògùn wa tó ń gbé pákó àti páànù lọ sílé ní alaalẹ́, tó sì ń gbé e padà láàárọ̀.

Olóògùn náà á ní bí òun bá tú ilé náà sílẹ̀, níbo ni òun á ti pàtẹ? Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n wá nìyẹn, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti gbọ́n jù wá lọ. Bí ilé wọn ti wúwo tó yẹn, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ń nà kanlẹ̀. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ náà gbé e sókè nínú àgbàlá, wọ́n á wa píkọ́ọ̀pù kúrò lábẹ́ rẹ̀, ó di ọjọ́ ìrìnàjò mìíràn. Tiwa, wẹ́dà ló jó o mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ pinpin. Wẹ́dà kan náà lè gé e, kó lu ihò mẹ́rin sí i, kó fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì dè é, kó lè máa sùn sí ibi ìpàtẹ ní Bẹẹrẹ bí ọkọ̀ bá ń lọ sílé. Owó iṣẹ́ rẹ̀ lè má tó owó oṣù díẹ̀ tí ilé náà ń jẹ lórí epo.