Lẹ́tà Ṣíṣí sí Bàbá Onílé M87

Bàbá M87, ẹ̀yin agbo ìràwọ̀ ọ̀nà jíjìn,

Ìkóríta Ọ̀rẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé yìí, níbi tí bọ́ọ̀sì Èkó sí Benin ti ń yà kí èrò lè jẹun. Bí aago mẹ́wàá alẹ́ bá lù nínú oṣù Ẹ̀bìbì, ó kù díẹ̀ kí ẹ gba àárín orí wa kọjá. Ta ni yóò gbójú sókè? Iná mọ́tò, èéfín jẹnẹrétọ̀, "ẹ wá ra ẹran ìgbẹ́ o!" Ẹni tó bá sì gbé awò awọ̀nàjíjìn wá òkùnkùn lọ sápá Odígbó, abẹ́ igi kòkó ni yóò ti bá ara rẹ̀.

Wọ́n ní ẹ̀yin lonílé ní Virgo, agboolé tí agbo ìràwọ̀ inú rẹ̀ lé ní 1,000. Ikùn yín jẹ́rìí. A mọ ìjà níbí, ogun abẹ́lé 1967 ló jẹ́ kí wọ́n máa sọ pé "ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀". Ẹ̀yin kì í bá aládùúgbò jà, ẹ ń gbé wọn mì ni, títí ẹ fi rí roboto láìlápá. Ẹ jẹun tán, ẹ gùnfẹ̀: onímọ̀ ìràwọ̀ Heber Curtis rí i ní 1918, ìtànṣán gbọọrọ tí ìmọ́lẹ̀ yóò fi bí 5,000 ọdún sáré já. Ọmọ tuntun wá dà? Gáàsì tútù tí ẹ fi ń bí ìràwọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Arúgbó ló kún ilé.

Ọ̀rọ̀ M49 tó ń gbé inú agboolé yín ńkọ́? Onímọ̀ ìràwọ̀ Messier rí i ní 1771, ó di 1781 kó tó rí yín, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ju tiyín lọ títí dòní. Ẹ wo ayálégbé tó ń tàn ju onílé! M86, ayálégbé mìíràn, ní tirẹ̀ ń sáré bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, gáàsì ń já sílẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ̀yin ń sá sẹ́yìn ní nǹkan bí kìlómítà 1,280 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ẹni jẹ wá lówó.

Síbẹ̀ fọ́tò yín ni gbogbo ayé ń gbé kiri láti 10 oṣù Igbe 2019: ihò dúdú àárín yín, tó wúwo tó Oòrùn bílíọ̀nù 6.5. Awò rédíò Hawaii, Spain, Chile wà lára àwọn tó yà á. Áfíríkà ò ní ọ̀kankan níbẹ̀. Ẹ ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí wa!

Ẹ fèsì o. Bí lẹ́tà yìí bá bá ìmọ́lẹ̀ rìn, á tó mílíọ̀nù ọdún 55 kó tó dé, èsì á tún pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bóyá wọ́n á ti tún ọ̀nà Ṣágámù sí Benin ṣe tán nígbà náà.