Bí A Ṣe Ń De Sípíkà Mọ́lẹ̀ Kí Ohùn Rẹ̀ Lè Dùn

Àwọn àgbà ní ọlọ́gbọ́n ní ń jó agídìgbo. Ìwọ kò wá jó ní tìrẹ. O ra sípíkà olówó gọbọi, o gbé àwo àpàlà Haruna Ishola sí i, bí agídìgbo sì ti ń dún ni omi inú ife ń gbọ̀n lórí tábìlì. Má fòyà. Sípíkà rẹ kò fìdí múlẹ̀ ni. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà péré la fi ń wo àìsàn náà.

1. Gbọ́wọ́ lé àpótí sípíkà bí orin ti ń lọ. Ó ń gbọ̀n, àbí? A ti mú olè. Má wulẹ̀ yẹ àwo wò bóyá ojú rẹ̀ ti họ. Ẹjọ́ ti parí.

2. Fi ẹsẹ̀ irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ náà bá ń dá ilẹ̀ lu, fi kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ nídìí. Kọ́bọ̀ kò ra gúgúrú mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè ra ohùn dídùn.

3. Gbé búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì 9 kan lé e lórí. Tẹ́tí. Bí o kò bá gbọ́ ìyàtọ̀, búlọ́ọ̀kù kò tíì tó. Máa tò ó lérí ara wọn títí wàá fi gbọ́ ìyàtọ̀, tàbí títí yóò fi kan àjà.

4. Pe bíríkìlà kó fi sìmẹ́ǹtì mọ sípíkà mọ́ igun yàrá. Igun ilé a máa jẹ́ kí béèsì wú, orin á sì máa dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú àmù. Ohùn tó kún nìyẹn.

5. Wọn pálọ̀ rẹ. Ìgbì béèsì tó ń mì nígbà 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan gùn ju mítà 8 lọ. Pálọ̀ rẹ kò ju mítà 4. Ẹ̀bi ògiri ni. Wó o. Bí onílé bá bèèrè, dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé béèsì ló ń wá ọ̀nà kọjá.

6. Wá wo iwájú sípíkà wàyí. Pépà roboto àárín rẹ̀ ṣì ń lọ síwá sẹ́yìn! Ọ̀dàlẹ̀ nìyí, inú ilé ló ti ń ṣe wá. Da sìmẹ́ǹtì tó kù lé e lójú, kí o fún un ní ọjọ́ méjì kó gbẹ.

Tan orin. Omi inú ife dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sóhun tó mì. Kò sóhun tó dún pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ohun gbogbo ò lè pé.

Bí o bá tẹ́tí dáadáa, wàá gbọ́ agídìgbo láti ilé kejì. Aládùúgbò rẹ gbé sípíkà kékeré lé orí àga, ó fi aṣọ tó nípọn tẹ́ ẹ nídìí, ó fà á kúrò lára ògiri, ó jẹ́ kó ṣe déédéé etí, ó sì jókòó síwájú rẹ̀. Orin ń já geere. Kò mọ̀ pé sípíkà òun ń mì.

Àánú rẹ̀ kò ṣe ọ́ ni? Gbé búlọ́ọ̀kù kan dání, lọ bá a.