Ìjàpá Ń Ta Ìlú fún Àdán

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, kò dá lórí ọba, kò dá lórí ìjòyè, ó dá lórí àwọn Àdán tí ń gbé Kùmásí, àti Ìjàpá ọkọ Yánníbo tó ń fi orúkọ ìlú ṣòwò.

Lẹ́bàá ibùdókọ̀ Kẹjẹ́tíà ní Kùmásí, ọgbà ẹranko kan wà tí ìgbìmọ̀ àwọn ọba Àṣáńtì dá sílẹ̀ ní 1951, tí wọ́n ṣí ní 1957. Nísàlẹ̀, wọ́n kó ẹranko sínú àgò irin, wọ́n sì kọ orúkọ oníkálùkù àti ibi tó ti wá sára pátákó. Lókè igi, àwọn Àdán kò dúró de kẹ́nikẹ́ni pè wọ́n. Wọ́n so rọ̀ súà títí ẹ̀ka fi ń tẹ̀. Bí oòrùn bá ti wọ̀, tí àwọn awakọ̀ bá ń pe èrò Tamale, gbogbo wọn á ṣí lẹ́ẹ̀kan, ojú ọ̀run á ṣú, ó di inú oko, níbi tí ọ̀pọ̀tọ́ àti èso ìrókò gbé wà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti dé. Bí wọ́n sì ti ń fò ni wọ́n ń yàgbẹ́, tí hóró ìrókò ń já bọ́ sínú igbó. Ìrókò yìí, tí Àṣáńtì ń pè ní odum, tí wọ́n ń là fi kan àga àti ilẹ̀kùn, ìdí Àdán ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti jáde. Kò sẹ́ni tó dúpẹ́. Ta ní í dúpẹ́ ìgbẹ́?

Bí wọ́n bá ń gba owó orí lọ́wọ́ ẹyẹ, Àdán a ní eku lòun, ẹ wo eyín òun. Bó bá kan eku, a na ìyẹ́. Ọgbọ́n yìí ni wọ́n fi pẹ́ nílùú. Wọ́n bímọ, ọmọ wọn bímọ, àwọn ọmọ ọ̀hún sì mọ “medaase” kí wọ́n tó mọ “ẹ ṣé.” Bí ìyá wọn bá ń dárúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Èjìgbò, ìlú ìran wọn, ohun tó ń yé wọn ni ibi tí bàbá ń fowó ránṣẹ́ sí láti kọ́ ilé tẹ́nikẹ́ni kì í sùn.

Ó di ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969. Ìwé dé láti Accra, láti ọ̀dọ̀ Olórí Ìjọba Kofi Busia: àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, kó lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kúrò ní Gánà. Òòrẹ̀ tí Àṣáńtì ń pè ní Kotoko, tí wọ́n fi ṣe àmì ara wọn, ló jókòó sórí àga tó ń bi èrò léèrè.

Àdán sáré lọ sí ọ́fíìsì ẹyẹ. Igún tó jẹ́ akọ̀wé wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, “Ẹyẹ wo ló ń fọ́mọ lọ́mú?” Wọ́n dé ọ́fíìsì eku, Òkété ní, “Eku wo ló ń fò?” Ìyá Àgbà Àdán bá gba ọ̀dọ̀ Òòrẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ.

“Ìyá, ọdún mélòó lẹ ti wà níbí?”

“Orí igi yìí ni wọ́n bí mi sí, ọ̀gá.”

“Ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀ dà?”

“Ẹ bi igi.”

“Igi kì í kọ̀wé.”

“Ọ̀gá, odum tí wọ́n fi kan àga tí ẹ jókòó lé yẹn, èmi ni mo gbìn ín.”

Òòrẹ̀ sún ìdí díẹ̀, ó wo abẹ́ àga. “Rìsíìtì ńkọ́?”

Bí Ìyá Àgbà ṣe ń padà bọ̀, ó gbójú sókè wo igi, orin bọ́ sí i lẹ́nu. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹyẹ ní a kì í ṣẹyẹ o,
*Jẹ́jẹ́, Kẹjẹ́tíà.*
Eku ní a kì í ṣeku o,
*Jẹ́jẹ́, Kẹjẹ́tíà.*
Ọ̀sẹ̀ méjì n wọ́n fún wa o,
*Jẹ́jẹ́, Kẹjẹ́tíà.*
Ẹ sọbi a ó fẹsẹ̀ há o,
*Jẹ́jẹ́, Kẹjẹ́tíà.*

Nísàlẹ̀, Ọ̀nì ń gbọ́ orin náà nínú àgò, ó rọra ya ẹnu. Òun ní pátákó tirẹ̀. Nínú gbogbo ọgbà yẹn, àwọn tí wọ́n tì mọ́lé nìkan ni ìwé wọn pé.

Alẹ́ ọjọ́ náà, ìpàdé bẹ́ sílẹ̀ lórí igi. Ìyálọ́jà kan fárígá pé òun kò lọ, nítorí àwọn tó ra ọ̀pọ̀tọ́ àwìn lọ́wọ́ òun kò tíì san. “Bí mo bá lọ, mo ti fi ta wọ́n lọ́rẹ nìyẹn. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń bá mi sunkún ju bó ti yẹ lọ.” Bàbá arúgbó kan ní kí wọ́n ní sùúrù: Ọba Prempeh tó ni Kùmásí gan-an, òyìnbó mú un kúrò níbẹ̀ ní 1896, wọ́n gbé e títí dé erékùṣù Seychelles, ó sì padà wálé ní 1924. Ọmọ kékeré kan bi í pé, “Bàbá, ṣé Ọba ní ìwé ìgbélùú Seychelles ni?” Bàbá ní kí wọ́n lọ fi ọmọ náà sùn.

Gbogbo wọn gbà pé lílọ di dandan. Ibi tí wọn yóò lọ ló dìjà.

Ibẹ̀ ni Ìjàpá ti rí owó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òun àti Ànáńsé aláǹtakùn ti tẹ́ tábìlì sábẹ́ igi. Ìjàpá mú ìwé gígùn kan lọ́wọ́ tó kún fún orúkọ ìlú. Ànáńsé fi ẹsẹ̀ mẹ́jọ di owó mú. Ọ̀pọ̀tọ́ mẹ́wàá ni orúkọ ìlú kan.

“Accra dára,” ni Ìjàpá wí. “Igi ńláńlá wà nílé ìwòsàn ológun 37, àwọn ẹbí yín kún ibẹ̀. Wọ́n ní ọba kan tó ń ṣàìsàn ni wọ́n sìn débẹ̀, ọba kú sínú ilé ìwòsàn, àwọn sì ń dúró níta dè é kó jáde.”

“Ìjàpá, ṣebí Accra ni ìwé tó ń lé wa ti wá?”

“Bó bá ti ibẹ̀ wá, ṣebí ó ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn?”

Àwọn kan san ọ̀pọ̀tọ́ mẹ́wàá lórí èsì yẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo mọ ẹni tó ti san ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀rọ̀ tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Ó tún ka Kasanka ní ilẹ̀ Zambia, níbi tí àìmọye Àdán ń pé jọ sí láàárín oṣù kẹwàá sí ìkejìlá. Wọ́n ní ta ni yóò fò débẹ̀? Ó ní òun kì í ta ìyẹ́, ìlú lòun ń tà. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ nígbà tó kan Ilé-Ifẹ̀: yunifásítì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé síbẹ̀ láti Ìbàdàn ní 1967, ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, igi pọ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ kì í wòkè, ìwé ni wọ́n ń wò.

“Ṣé o ti dé ibẹ̀ rí?”

“Ìyá Àgbà, ẹni tó ń ta bàtà, ṣé gbogbo rẹ̀ ló ń wọ̀?”

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n wà tí Òòrẹ̀ fi dé, tí ẹ̀gún ara rẹ̀ dìde ṣanṣan. Ó nawọ́ sí Ìjàpá: “Ìwọ náà, ìwé rẹ dà? Níbo lò ń gbé?”

“Ilé mi ni, ọ̀gá.”

“Ta ni onílé?”

“Èmi ni.”

Òòrẹ̀ fi ọ̀pá kan ilé náà, ó dún gbanyin. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, kò rí ibi tí ilé ti parí tí Ìjàpá ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé onílé ni, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bí ẹni tí kò lè kúrò nílé láéláé ṣe di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ọ̀rọ̀ kíkó kúrò nílùú nìyẹn.

Ọjọ́ pé. Ní Kẹjẹ́tíà, ọkọ̀ akẹ́rù ń kún àkúnwọ́sílẹ̀: ẹ̀rọ ìránṣọ, abọ́ tánganran, ẹní, ọmọ. Ẹni tó kọ́lé ń ta kọ́kọ́rọ́ ní ìdajì iye ilẹ̀kùn. Àwọn Àdán ṣí lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, igi dá páro. Nígbà tó yá, àwọn ohun tí àwọn tó lọ ń tà ní wẹ́wẹ́ lọ́jà wá ṣọ̀wọ́n. Àga Òòrẹ̀ kán, ó ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà kan òmíràn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ní kò sí odum mọ́. Òòrẹ̀ ní kó wá rìsíìtì lọ.

Ìyá Àgbà àti àwọn Àdán tó ra Ifẹ̀ dé ibẹ̀. Ẹyẹ ibẹ̀ fún wọn ní ẹ̀ka, àwọn ọmọ wọn sì ní “medaase.” Onílé bínú, ó ní kí ni wọ́n bú òun sí? Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní “ará Gánà.” Ìyá Àgbà a máa ṣàlàyé pé ọmọ ilẹ̀ yìí làwọn, wọ́n a ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá ará Gánà.

Ọdún ń gorí ọdún. Ó di oṣù kìíní ọdún 1983. Ìjọba Shagari sọ̀rọ̀ láti ẹnu Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé: àjèjì tí kò ní ìwé, kó kẹ́rù kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni! Èrò Gánà ń di ẹrù sínú àpò alápá títóbi tí wọ́n sọ ní Ghana Must Go títí dòní. Wọ́n ń bi ẹni tí à ń pè ní ará Gánà léèrè, ẹni tí à ń pè bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ lórí igi Ifẹ̀. Ìyá Àgbà tún wá ìwé, kò rí. Ó gbọ́ ohùn kan nísàlẹ̀, ó wolẹ̀. Tábìlì ni, Ìjàpá ni, ẹsẹ̀ mẹ́jọ Ànáńsé ni. Ọkọ̀ ẹrù ló gbé wọn wá; wọ́n ka Ìjàpá mọ́ ìkòkò.

Ìyá Àgbà bọ́ sílẹ̀, ó gba ìwé orúkọ ìlú lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ àkọ́kọ́ ni Kùmásí: igi wà, ilé wà, wọn kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè.

“Èló ni eléyìí?”

“Ogún ọ̀pọ̀tọ́.”

“Ogún? Mẹ́wàá lo gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́sí!”

“Owó àlọ nìyẹn, Ìyá. Ti àbọ̀ ló máa ń wọ́n.”