Orí Àgbà Wọ́ ní Ọba Akran

Ẹnu mi ló kó bá mi. Àwọn ọmọ kan máa ń ta òkìtì nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn ilé iṣẹ́ wa, nítòsí Ọba Akran n'Ìkẹjà. Mo dúró wò wọ́n, mo ní kí ni wọ́n ń fi yangàn, ṣé wọ́n tiẹ̀ gbọ́ nípa Julius Aghahowa, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, rí? Wọn ò tíì bí wọn ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 2002, tó forí kan bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Sweden ní Kobe nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, tó wá ń ta òkìtì lọ ràì. (Wọ́n nà wá ní 2 sí 1, àmọ́ òkìtì yẹn la rántí.) Mo ní èmi náà ń ta á nígbà yẹn. Irọ́ ni. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti yí lẹ́ẹ̀kan, mo sì gbá fáànù wó lulẹ̀.

Ọmọ tí wọ́n ń pè ní Kóòṣì, tí irùngbọ̀n ò tíì hù lẹ́nu rẹ̀, ní, "Dádì, ẹ wá ta á ká rí i."

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, torí mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. Òkìtì iwájú kì í ṣe ohun tá à ń fi orí ta. Èèyàn á lóṣòó, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sílẹ̀, kí wọ́n jìnnà síra tó èjìká, á wá rọ àgbọ̀n mọ́ àyà. Ìdí á gòkè, ẹsẹ̀ á ti ilẹ̀, apá ni yóò gbé ara títí ẹ̀yìn èjìká á fi kanlẹ̀. Àtàrí ò gbọdọ̀ kan nǹkan kan, torí eegun méje péré ló wà lọ́rùn, wọn ò sì wà fún ẹrù. Ẹ̀yìn tó bá ká á yí. Èyí tó bá gún gbọọrọ á lu ilẹ̀ gbì, èémí á sì há. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ á kọ́kọ́ jókòó, á di orúnkún mú, á máa yí lọ yí bọ̀ lórí ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló máa wá ta á níbi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Kóòṣì sọ gbogbo èyí. Ó tiẹ̀ fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà há mi lábẹ́ àgbọ̀n, pé tó bá já bọ́, mo ti gbórí sókè nìyẹn. Ó ní kí n jókòó yí díẹ̀ ná. Mo ní ọmọ ọwọ́ ni mí ni?

Mo gbéra. Ọ̀rá já bọ́. Àjákù fóòmù tí wọ́n tọrọ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe àga l'Ágége ni wọ́n tò síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó so wọ́n pọ̀. Méjì ya ara wọn, orí mi wọ àárín wọn wọ̀ọ̀. Ìdí mi kù lókè. Ṣòkòtò ọ́fíìsì ya fàà. Kọ́kọ́rọ́, owó ọkọ̀, káàdì ibi iṣẹ́, gbogbo ẹ̀ dà sílẹ̀. Mi ò lè lọ, mi ò lè bọ̀, fóòmù sì ń rùn fún glúù àti ìtọ̀ ológbò.

Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán ń jáde. Mo gbọ́ ohùn obìnrin kan lókèèrè: "Ṣé àdúrà ni bàbá yìí ń gbà ni?" Èkejì ní, "Pẹ̀lú pátá aláwọ̀ ewé?" Ẹ̀kẹta ní àkáǹtáǹtì ni, òun dá bàtà náà mọ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọdé ló wà lọ́jà, orí àgbà ló wọ́. Ọkùnrin kan di ẹsẹ̀ mi mú, ó fẹ́ fà mí yọ, Kóòṣì sì pariwo mọ́ ọn: "Ẹ má fà wọ́n! Ọrùn wọn ńkọ́?" Ó rọra ya fóòmù, ó ní kí n mi ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ kí n tó dìde.

Ẹ wò ó, ó ń bí mi nínú. Láti àwọn ọdún 1950 tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti dá àdúgbò ilé iṣẹ́ yìí sílẹ̀, kí ni wọn ò ṣe níbẹ̀? Ilé iṣẹ́ tó kógbá sílé ń di ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń di gbọ̀ngàn ìnáwó, àmọ́ ọmọ tó mọ̀ pé a kì í fa ẹni tó forí há, àjákù ló ń tọrọ! Kódà, wọ́n ti na wáyà yí ìdajì ilẹ̀ tí àwọn ọmọ yẹn ti ń ta òkìtì ká báyìí.

Mo ra okùn, a so fóòmù pọ̀. Mo ń jókòó yí, mo sì ti ń ta á níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pẹ̀lú ṣòkòtò eré ìdárayá. Àmọ́ mo ṣì ń fọwọ́ ti ilẹ̀ kí n tó dìde. Kóòṣì ní òun ò tíì ka ìyẹn sí òkìtì.