Kẹ̀kẹ́ Tó Fẹ́ Gba Gbogbo Ọ̀nà

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, báyìí làwọn àgbà wí. Ìtùnú ni wọ́n fi ṣe fún ẹni tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn kan mọ́ lójú, pé kó yà gba apá kejì, yóò ṣì bá wọn nájà. Àwa ọmọ ayé òde òní ti wá gba òwe yìí lẹ́nu àgbà, a ti sọ ọ́ di ìpolówó. Nígbà tí ọ̀nà tó wọ ọjà ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, a ní kí wọ́n rọ kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo fún wa tí yóò gba gbogbo wọn pọ̀: títì ọlọ́dà, yangí, òkúta wẹ́wẹ́, eruku. Wọ́n sì ti rọ ọ́. Gravel bike ni wọ́n ń pè é.

Ọwọ́ rẹ̀ kákò bí ìwo àgbò, bíi ti kẹ̀kẹ́ àwọn asáré-ìje, ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ti kẹ̀kẹ́ ìje orí ọ̀dà kì í sábà fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìdíje rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù lọ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006 nílùú Emporia, ní ìpínlẹ̀ Kansas lÁmẹ́ríkà: igba máìlì, orí òkúta ni púpọ̀ jù nínú rẹ̀. Lọ́dún 2022, àjọ UCI tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Veneto, lórílẹ̀-èdè Ítálì. N kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Kansas ní òkúta, wọ́n sì rọ kẹ̀kẹ́ tó bá òkúta wọn mu.

Òde Ugbò ńkọ́? Ibẹ̀ ni ààfin Olúgbò wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bí ẹ bá ti dé èbúté Igbókòdá, ọ̀rọ̀ sábà máa ń di ti ọkọ̀ ojú omi. Àwọn tó kọ́ nípa ilẹ̀ pín etíkun Nàìjíríà sí ọ̀nà mẹ́rin, wọ́n sì ní bí èèyàn bá ti kọjá iyanrìn apá Lẹ́kí, ibi tó kàn ni etíkun ẹrẹ̀ Màhìn. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ẹrẹ̀. Òkúta tí ẹ bá rí ní agbègbè yẹn, tírélà ló gbé e wá láti òkè.

Síbẹ̀ náà, ọmọ Ugbò kan wà tó ń gbé Lẹ́kí. Kò ní orúkọ, nítorí irú rẹ̀ pọ̀. Ó fi oṣù gbáko wo fídíò lórí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́. Ó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jiyàn bóyá férémù kábọ̀n ni àbí ti irin, bóyá táyà 40 ni àbí 45. Jíà ẹ̀yìn tó ní eyín 51 ló padà rà, ó ní òun yóò máa fi gun òkè. Òkè wo? Ilẹ̀ Ìlàjẹ tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé bí òkun bá fẹ́ wọlé wá kí èèyàn, kò ní àkàsọ̀ kankan láti gùn. Ẹ bi àwọn ará Ayétòrò léèrè, ìlú tí ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí òkun ti ń kó ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó tí ọmọkùnrin wa san lórí kẹ̀kẹ́ yìí tó ra ẹ́ńjìnì Yamaha fún ọkọ̀ apẹja kan, díẹ̀ á sì kù sílẹ̀ fún epo.

Ìparí ọdún dé, ó so ó mọ́ orí jíìpù, ó di Igbókòdá. Aṣọ agunkẹ̀kẹ́ tó fún mọ́ ara pinpin ló wọ̀, pẹ̀lú akoto tó ní ihò lórí. (Nígbà àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí ìtàn, ìko làwọn ará Ugbò dà bora tí wọ́n fi ń lé àwọn ará Ifẹ̀ kúrò lọ́jà, títí Mọremí fi tú àṣírí wọn. Ìko yẹn bani lẹ́rù ju èyí lọ.) Bàbá ọlọ́kọ̀ wò ó látòkè délẹ̀.

“Ọmọ mi, kí nìyí?”

“Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Kẹ̀kẹ́ ni, sà. Kò sí ọ̀nà tí kò lè gbà.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gùn ún kó o máa bọ̀, èmi á máa wa ọkọ̀ tèmi lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.”

Owó èrò kan ló san, ó san owó ẹrù kan.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé kẹ̀kẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Raleigh, iléeṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Nottingham, kó kẹ̀kẹ́ dúdú kan wá sílẹ̀ wa tí táyà rẹ̀ jẹ́ 28 × 1½. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n: bíi mìlímítà 40 ni. Kẹ̀kẹ́ yẹn ru kòkó ní ilẹ̀ Oǹdó, ó ru kẹ̀ǹgbẹ̀ ẹmu àti ìyàwó tuntun, lórí yangí, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Kansas. N kò ní ká padà sídìí rẹ̀ o. Ó wúwo, kò ní jíà, bíréèkì ọ̀pá irin tó wà lára rẹ̀ kì í fẹ́ dá a dúró bí òjò bá ti pa ríìmù. Mo kàn ń sọ pé bàbá àgbà kò pe ara rẹ̀ ní akíkanjú nítorí pé ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko.

Ẹni tó nílò irú kẹ̀kẹ́ yìí ní tòótọ́ wà ní gúúsù Oǹdó. Olùkọ́ tó ń gbé Òkìtìpupa tó sì ń ṣiṣẹ́ ní abúlé lẹ́yìn títì mọ̀ pé ọ̀dà, kòtò àti yangí ló ń dúró de òun láàárọ̀ kan ṣoṣo. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lé eku méjì. Kó wá férémù irin tí àyè táyà rẹ̀ gbòòrò, kó fi táyà 40 sí 45 sí i, kó má sì fẹ́ ẹ le jù, nítorí táyà tó le gbandi lórí yangí, ẹ̀yìn ẹni ló ń fi gbowó orí. Jíà iwájú ẹyọ kan tó ní bí ogójì eyín ti tó, ti ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ kọjá 34. Bíréèkì oníwáyà ni kó mú, nítorí èyí tó ń lo ọ́ìlì kò rí ẹni tó máa tún un ṣe lábúlé. Kó fi gíríìsì ra gbogbo ibi tí bóòtì wọ̀, kó sì fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́ nígbàkigbà tó bá ti ibi odò dé. Atẹ́gùn òkun kì í bá irin ṣeré.

Ẹnu tíúbù ni ẹ̀tàn tó wọ́pọ̀ jù wà. Kẹ̀kẹ́ olówó ńlá sábà máa ń ní ẹnu tíúbù tó tín-ín-rín, tó ní ìdè kékeré lórí. Ẹ wo fọkanáísà lábẹ́ agboòrùn rẹ̀: báàfù omi dúdú níwájú, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà ń dún lẹ́yìn, ó di ọ̀pá roba rẹ̀ lọ́wọ́, ó tì í bọ ẹnu tíúbù náà, afẹ́fẹ́ ń sá gba ẹ̀gbẹ́ jáde, fìììì. Ó yí i, ó tún tì í. Ó gbójú sókè: “Ọ̀gá, ti ọkọ̀ àti ọ̀kadà ni tèmi o.” Idẹ bíńtín kan tí wọ́n ń yí mọ́ ẹnu tíúbù, tí kò tó orí ìka, ló lè yanjú rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan, ṣùgbọ́n ta ni fídíò sọ ọ́ fún?

Ìwà òmùgọ̀ tó tóbi ju èyí lọ wà. Iná kò sí, a ra jẹnẹrétọ̀. Omi kò sí, a gbẹ́ borehole. Ọ̀nà bàjẹ́, a ra jíìpù, a tún wá ra kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ràn kòtò. Lọ́jọ́ tí agbaṣẹ́ṣe bá tún pa títì tì, ọmọkùnrin wa ni yóò kọ́kọ́ bọ́ síta ya fọ́tò, yóò ní ọ̀nà náà dùn-ún gùn. Kí olóṣèlú kan má lọ gbọ́ pé lÁmẹ́ríkà, èèyàn ń sanwó kó tó gun irú rẹ̀. Ó lè gbé géètì síbẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ sí í ja tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra kẹ̀kẹ́, ẹ má tíì sanwó. Ẹ gba tíúbù rẹ̀ kan lọ́wọ́ òǹtajà, kẹ́ ẹ mú un lọ bá fọkanáísà oríta yín, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó lè fẹ́ ẹ. Bó bá jẹ́ Òde Ugbò lẹ ń lọ, ẹ fi owó náà ra ẹ́ńjìnì.