Fìdítì Ó Wà O, Ẹ̀yin Onífìlọ́sọ́fì!

Ẹ jọ̀wọ́, irú ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ wo ni a kò lè sọ àfi tí atọ́kùn ètò bá kọ́kọ́ fi odidi wákàtí kan ki àwọn tó jókòó sí tábìlì ọlọ́lá? Ẹ̀yin ni mò ń bá wí, ẹ̀yin olùkọ́ fìlọ́sọ́fì àti ti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára bánà pé aago mẹ́wàá àárọ̀. Tó bá di aago mẹ́wàá, ẹni tó ń nu àga nìkan ló wà nínú gbọ̀ngàn. Aago mọ́kànlá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá epo tí wọ́n máa bù sí jẹnẹrétọ̀. Aago méjìlá, alága wọlé, ó ní òun ò ní í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì mú un láti ọjọ́ tí wọ́n bí òun. Ẹ tún wá wo àkòrí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí gbogbo wa ń dúró dè: “Bí Yorùbá Ṣe Ń Lo Àkókò.”

Ti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tún wá kọjá bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ á gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, àáfà á gbàdúrà ìparí, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ni wọ́n á sì fi gbogbo àárín méjèèjì jíròrò, àfi bíi pé ẹni tó ni ín ti kú. Kò kú o! Ó jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún, lábẹ́ fáànù tí kò yí, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Wọ́n bi bàbá bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Bàbá ní àwọn dúpẹ́, àwọn ò tiẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé báyìí làwọn ṣe rí.

Ẹ má bínú, ẹ̀fẹ̀ ni. Ọmọ Fìdítì tó ń yọ ọ̀rẹ́ lẹ́nu ni mí. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín ti pẹ́. Ìbàdàn tó wà nísàlẹ̀ wa níbẹ̀ yẹn, ọdún 1948 ni ilé ẹ̀kọ́ gíga débẹ̀, nígbà tó sì di 1949, Geoffrey Parrinder, òyìnbó oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ti wà níbẹ̀ tó ń kọ́ ọmọ wa ní ẹ̀sìn bàbá wa. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ kúrò nílé bàbá rẹ̀ tó jẹ́ onífá, ó wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, kí òyìnbó lè sọ fún un ohun tí bàbá rẹ̀ ń ṣe ní yàrá kejì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Bọ́lájí Ìdòwú wá gba ọ̀rọ̀ náà sọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ onílé. Ó gbé ìwé ńlá lórí Olódùmarè jáde ní 1962, òun náà sì padà di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà ní 1972. Ìwé ọ̀hún dáa, kò sẹ́ni tó máa jiyàn. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìyá tó ń ké pe Olódùmarè láàárọ̀ lálẹ́ ní Jọ́bẹ̀lẹ̀ nítòsí wa á ní láti wá ògbufọ̀ kó tó mọ ohun tí òun gbà gbọ́.

Ibi tí ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ẹni tó bá di ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń ṣe láti fi ara rẹ̀ hàn. Aṣọ á balẹ̀, fìlà á gùn, orin á dún, ẹbí á kún gbọ̀ngàn. Àṣà ibẹ̀ sì ni pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ béèrè ìbéèrè. Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ìbéèrè ń bọ́! Socrates tí ẹ fi ń búra, ìbéèrè àbéèjù wà nínú ohun tó gbé e dé ibi tí àwọn ará Athens ti fún un ní májèlé mu ní ọdún 399 kí a tó bí Jésù. Ó kú nítorí ìbéèrè. Ẹ̀yin wá ń jẹ ogún rẹ̀, ẹ ní ká pàtẹ́wọ́ ká máa lọ.

Ká ní Fìdítì ló wá ni, kì bá tí kú. Mo rí i bó ṣe máa sọ̀ nínú ọkọ̀, láìwọ bàtà, tó máa kọrí sọ́dọ̀ ọlọ́sàn létí títì.

“Ìyá, kí ni à ń pè ní dídùn?”

“Ẹ mú ọ̀kan, ẹ tọ́ ọ wò.”

“Ṣé inú ọsàn ni adùn wà ni, àbí lórí ahọ́n ẹni tó ń mu ún?”

“Bàbá, owó ló dùn. Ti èló ni kí n dì fún yín?”

“Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé èyí tó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ rí bí èyí tó wà lókè?”

Ọjà á pa lọ́lọ́. Gbogbo wa la mọ ìdáhùn, kò sì sí ọmọ Fìdítì tó máa sọ ọ́. Ẹnì kan á kàn béèrè pé, “Ta ló rán bàbá yìí wá? Ará Ìlọrà ni!” A ò ní í fún un ní májèlé ṣá. A máa fi èènì mẹ́ta lé e kó lè pa ẹnu mọ́.

Àwọn ará Ìlọrà aládùúgbò wa tí mo dárúkọ yìí, ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ tọ́ wọn díẹ̀. Láti ìgbà tí Yunifásítì Ajayi Crowther ti bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 2005, tí ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, wọn ò gbé ẹnu sílẹ̀ mọ́. Bí o bá kí wọn pé ẹ káàárọ̀, wọ́n á ní ó dá lórí ohun tí o bá pè ní àárọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, babaláwo tó jókòó sórí àga ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1982 sí 1989, Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí i sí. Ẹ bi ará Ìlọrà, wọ́n á ní ṣebí Ọ̀yọ́ àti àwọn, ọ̀kan náà ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Socrates. Sophie Olúwọlé, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé fìlọ́sọ́fì ní Ìbàdàn ní 1984, kọ odidi ìwé láti fi Socrates àti Ọ̀rúnmìlà wéra. Ó rí i pé àwọn méjèèjì ò fi ìwé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ sílẹ̀. Àánú wọn ṣe mí. Ká ní wọ́n wà ní ẹ̀ka yín lónìí, lẹ́kítọ̀ kékeré ni wọ́n máa bá fẹ̀yìn tì. Ọ̀rúnmìlà á kó odù 256 dé iwájú ìgbìmọ̀ ìgbéga, wọ́n á bi í pé jọ́nà òkè òkun wo ló tẹ̀ ẹ́. Àfi tó bá rántí sọ pé UNESCO bọ̀wọ̀ fún Ifá ní 2005. Bóyá wọ́n á fún un ní máàkì méjì.

Kì í ṣe gbogbo yín ni mò ń bá wí o. J. Olúbí Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen láti Ifẹ̀ kó ìbéèrè wọn tọ àwọn oníṣègùn lọ, wọ́n jókòó tì wọ́n, wọ́n sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1986. Àwọn àgbà yẹn fi yé wọn pé ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí ló lè sọ pé òun mọ̀. Èyí tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó kàn gbà á gbọ́ ni. Ẹ fi ìyẹn wọn àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ṣe lórí wa láìtíì dé ọ̀dọ̀ wa rí.

Lọ́dọọdún, Ọjọ́bọ̀ kẹta nínú oṣù Kọkànlá ni Àyájọ́ Fìlọ́sọ́fì Lágbàáyé. Ẹ gbé tọdún yìí wá sí Fìdítì. Ọsàn á ti máa wọlé nígbà náà. Ẹ fi pùròjẹ́kítọ̀ sílẹ̀ nílé, ẹ mú Yorùbá dání, ẹ sì jẹ́ kí bàbá oníṣẹ̀ṣe kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ṣàlàyé rẹ̀. Ìbéèrè wà o, ọlọ́sàn ló máa ṣíwájú. Ní ti áítẹ́ẹ̀mù keje, ìyẹn jíjẹ mímu, kálukú ló máa ra ọsàn tirẹ̀. Ẹ bá wa wo ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó.